Ariwo Tápẹ́ẹ̀tì Nínú Ẹ́ńjìnnì Mọ́tò: Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe

Bí ẹ́ńjìnnì mọ́tò bá ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ láti òkè, tí dídún náà ń yára sí i bí ẹ ṣe ń tẹná, tí ó sì ń lọlẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbẹ́sẹ̀ kúrò, tápẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń fura sí, wọn kì í sì í jìnnà sí òótọ́. Àtúnṣe rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣì ṣe. Wọ́n á tú òkè ẹ́ńjìnnì, wọ́n á ra tápẹ́ẹ̀tì tuntun tó pé iye, wọ́n á tò wọ́n padà, ariwo náà á sì tún bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́, nítorí pé ọ̀ràn ọ́ìlì ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a ti orí etí àti ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀, kí a sì fi sípánà sí ìgbẹ̀yìn.

Iṣẹ́ tápẹ́ẹ̀tì tó ń fi ọ́ìlì ṣiṣẹ́, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní lífítà, ni láti dí àlàfo tó wà láàárín káńṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí láti ṣí fáàfù, àti fáàfù, ìyẹn ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ síléńdà tí èéfín sì ń gbà jáde. Irin máa ń gùn sí i bí ó bá gbóná, ó sì máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń lò ó pẹ́, nítorí náà àlàfo yìí kò lè dúró sójú kan. Nínú tápẹ́ẹ̀tì, písítìnì kékeré kan wà, sípíríǹgì wà lábẹ́ rẹ̀, bọ́ọ̀lù irin kan tó kéré gan-an sì wà tó ń ṣiṣẹ́ ilẹ̀kùn. Ọ́ìlì tí pọ́ǹpù ń tì bọ̀ máa ń gba ẹnu ilẹ̀kùn yìí wọlé. Nígbà tí gongo kámù, ìyẹn ibi tó yọ lára káńṣáàfù, bá sì gbé tápẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù náà á dí ẹnu ọ̀nà, ọ́ìlì tó wà lábẹ́ písítìnì kò ní rí ibi gbà jáde, níwọ̀n bí ọ́ìlì kò sì ti ṣeé fún pọ̀, gbogbo ipá kámù á dé ọ̀dọ̀ fáàfù. Cadillac oní-síléńdà 16 tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1930 wà lára àwọn mọ́tò tó kọ́kọ́ lo irú ọgbọ́n yìí, torí kí ẹ́ńjìnnì lè dákẹ́ ni wọ́n sì ṣe lò ó. Bí ọ́ìlì kò bá tó lábẹ́ písítìnì náà, bí afẹ́fẹ́ bá dà pọ̀ mọ́ ọn, tàbí bí ìdọ̀tí kò bá jẹ́ kí bọ́ọ̀lù náà dí ẹnu ọ̀nà dáadáa, àlàfo á ṣí sílẹ̀, irin á sì máa gbá irin.

Kì í ṣe gbogbo ẹ́ńjìnnì ló ní irú tápẹ́ẹ̀tì yìí, ó sì yẹ kí ẹ mọ èyí tó wà nínú tiyín kí ẹ tó ná owó kankan. Ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE tó wà nínú àwọn Toyota Corolla kan kò ní in. Tápẹ́ẹ̀tì irin lásán ló wà níbẹ̀, bí àlàfo rẹ̀ bá sì ti yí padà, ṣe ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n tí wọ́n sì ń fi tápẹ́ẹ̀tì tí nínípọn rẹ̀ yàtọ̀ rọ́pò rẹ̀. 2ZR-FE tí wọ́n fi sínú Corolla lẹ́yìn náà ní èyí tó ń fi ọ́ìlì ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Honda ní síkúrù àti nọ́ọ̀tì tí a fi ń tún àlàfo fáàfù ṣe lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń da oògùn sínú ọ́ìlì irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kàn ń fi àkókò ṣòfò ni, nítorí pé ohun tó ń fẹ́ ni kí a wọn àlàfo rẹ̀, kí a sì tún un ṣe bí ìwé mọ́tò ṣe wí.

Ẹ kọ́kọ́ fi etí wádìí

Káńṣáàfù máa ń yí lẹ́ẹ̀kan nígbà tí kíráńkì, ọ̀pá ńlá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, bá yí lẹ́ẹ̀mejì. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 800 ní ìṣẹ́jú kan láìtẹná, ìgbà 400 ni fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ìgbà mẹ́fà tàbí méje ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìwọ̀n yìí ni tápẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó bàjẹ́ fi ń dún, ohùn rẹ̀ á fẹ́lẹ́, á sì mú, òkè ni á sì ti máa wá. Ariwo bẹ́ríìnì kọ́ńrọ́ọ̀dù, ìyẹn ọ̀pá tó so písítìnì ńlá inú síléńdà mọ́ kíráńkì, kò jọ ọ́ rárá: ó wúwo, ó ń dún gbò-gbò láti ìsàlẹ̀, kíráńkì ló ń bá rìn, ó sì máa ń le sí i nígbà tí mọ́tò bá ń gun òkè tàbí tó ru ẹrù. Bí irú èyí bá ni ẹ gbọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má sì wa mọ́tò náà mọ́ títí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ yóò fi wò ó, nítorí pé bẹ́ríìnì tó ti jẹ débẹ̀ lè dá kọ́ńrọ́ọ̀dù, kó sì lu ara ẹ́ńjìnnì jáde.

Àkókò tí ariwo náà ń wáyé tún ń sọ púpọ̀. Bí ó bá dún fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì mọ́tò tó ti sùn mọ́jú, tó sì dákẹ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Sípíríǹgì àwọn fáàfù tó wà ní ṣíṣí nígbà tí ẹ pa ẹ́ńjìnnì ti tẹ ọ́ìlì jáde nínú tápẹ́ẹ̀tì wọn lóru ni, pọ́ǹpù sì ti dá a padà. Bí ó bá ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa kó tó dákẹ́, fílítà ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Rọ́bà kan wà nínú fílítà tó dára tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn padà sí sọ́ǹpù, àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Nínú fílítà tí kò dára, rọ́bà náà kì í ṣiṣẹ́ tàbí kó má tilẹ̀ sí níbẹ̀, pọ́ǹpù á sì máa kún fílítà ní àràárọ̀ kí ọ́ìlì tó gòkè. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná tán ni ariwo ń bẹ̀rẹ̀, ọ́ìlì ti fẹ́lẹ́ jù, tàbí pọ́ǹpù ti ń rẹ̀, tàbí tápẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ti jẹ débi pé ọ́ìlì ń gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì rẹ̀ jò. Bí ó bá jẹ́ orí eré gíga nìkan ló ti ń dún, ẹ wo bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó: nígbà tó bá pọ̀ jù, kíráńkì á máa lù ú di ìfófòó, nígbà tó bá sì kéré jù, pọ́ǹpù á máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, ọ̀kan náà sì ni àbájáde méjèèjì nínú tápẹ́ẹ̀tì. Èyí tó ń dún nígbà gbogbo, ìbáà jẹ́ ní tútù tàbí ní gbígbóná, ohun kan ti jẹ tàbí ti há níbẹ̀.

Àwọn ariwo mìíràn wà tó máa ń fara wé tápẹ́ẹ̀tì. Èyí tó ń tan ènìyàn jẹ jù lọ ni ẹ́sọ́ọ̀sì tó ń jò ní ibi tí mánífóòdù ti so mọ́ tọ́ọ̀pù síléńdà. Òun náà máa ń dún kẹ́-kẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, bí irin bá sì gbóná tó fẹ̀, ibi tó là á pàdé, ariwo á sì dákẹ́. Ẹ wo ẹ̀bá gáàsíkẹ́ẹ̀tì àti ìdí àwọn bóòtì rẹ̀ bóyá èéfín dúdú ti kùn ún. Ìnjẹ́kítọ̀ tó ń fọ́n epo náà máa ń dún, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló jọ ń dún bákan náà, tó sì ń yára. Ṣéènì tó so kíráńkì mọ́ káńṣáàfù, tí kò bá fà mọ́, máa ń ti iwájú ẹ́ńjìnnì dún wàràwàrà. Bí písítìnì tàbí kọ́ńrọ́ọ̀dù ni ẹ bá ń ṣiyèméjì lé lórí, ẹ yọ wáyà ìnjẹ́kítọ̀ síléńdà kọ̀ọ̀kan fún ìgbà díẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dá a padà: ariwo tó bá wá láti ìsàlẹ̀ máa ń dínkù nígbà tí síléńdà rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́, ti tápẹ́ẹ̀tì kì í sábà yí padà.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá ibi tó ti ń dún gan-an. Ẹ mú sìkúrúdíráfà gígùn kan, ẹ fi ẹnu rẹ̀ sórí ọ̀kan nínú àwọn bóòtì tó de tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìyẹn ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì, mọ́lẹ̀, ẹ sì fi ìdí rẹ̀ ti egungun tó wà níwájú etí yín nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láìtẹná. Lórí bóòtì kan, ẹ ó gbọ́ ìró gbogbo ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ra wọn, láìsí èyí tó ta yọ. Ẹ sún sí èkejì, ẹ sún sí ẹ̀kẹta, títí ẹ ó fi dé ibi tí ariwo náà ti ń kan egungun yín bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Ẹ sàmì síbẹ̀, kí ẹ sì tún àyẹ̀wò náà ṣe láti apá kejì, nítorí irin máa ń gbé ìró rìn. Ẹ ká ọwọ́ aṣọ sókè, ẹ di irun, kí ẹ má sì jẹ́ kí sìkúrúdíráfà náà sún mọ́ fáànù tàbí bẹ́líìtì.

Ọ́ìlì ṣáájú sípánà

Ẹ gbé mọ́tò sí orí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ pa á, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọ́ìlì lè sọ̀kalẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fa gééjì, ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, yọ, kí ẹ nù ún, kí ẹ tì í bọ̀ ọ́ padà, kí ẹ sì tún fà á yọ. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì méjèèjì. Bí ó bá wà nísàlẹ̀, ẹ fi kún un, kí ẹ sì tún tẹ́tí sílẹ̀ lẹ́yìn ìrìn-àjò kan. Nígbà mìíràn, ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti ń parí. Bí ó bá kọjá àmì òkè, ẹ jẹ́ kí díẹ̀ jáde. Ẹ wo abẹ́ ìdérí ibi tí a ti ń da ọ́ìlì náà: bí ẹrẹ̀ dúdú bá lẹ̀ mọ́ ọn, irú rẹ̀ wà nínú àwọn ihò tóóró tí ọ́ìlì ń gbà dé ọ̀dọ̀ tápẹ́ẹ̀tì.

Ìwé mọ́tò ni kí ẹ fi yan ọ́ìlì. Bí ó bá ní 5W-30, tó jẹ́ ìwọ̀n bí ọ́ìlì ṣe ki tó, ohun tó fẹ́ nìyẹn. Àṣà dída ọ́ìlì tó ki jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ariwo lè dínkù pọ̀, ó sì máa ń dà bíi pé ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, pàápàá nínú ẹ́ńjìnnì tó ti jẹ. Èmi kò fara mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí àtúnṣe, nítorí pé ọ́ìlì tó ki máa ń pẹ́ kó tó gòkè ní òwúrọ̀, ìgbà yẹn sì ni káńṣáàfù nílò rẹ̀ jù lọ. Ó tún ń bo àmì tó yẹ kí ẹ rí mọ́lẹ̀.

Bí ọ́ìlì bá ti pẹ́ tàbí tó ti dọ̀tí, ẹ dà á nù nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fi fílítà tó dára sí i, kí ẹ sì da ọ́ìlì tuntun tó bá ìwé mọ́tò mu. Ọ́ìlì òde òní ní èròjà tó ń fọ ìdọ̀tí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣe é. Ẹ wa mọ́tò náà bí ẹ ṣe máa ń wà á, kí ẹ sì tún pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà nígbà tó bá rin nǹkan bíi kìlómítà 1,500, láìdúró de àkókò tí ìwé sọ. Mo ti rí tápẹ́ẹ̀tì tó dákẹ́ lẹ́yìn pípààrọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí tí wọ́n ti fẹ́ tú ẹ́ńjìnnì lé lórí tẹ́lẹ̀. Oògùn tí a ń dà mọ́ ọ́ìlì, tí a sì ń fi rìn, lè ràn án lọ́wọ́ bí ẹ bá tẹ̀lé ohun tí a kọ sí ara ike rẹ̀. Èyí tí a ń dà tí a ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí a tó da ọ́ìlì nù ló ń bà mí lẹ́rù nínú ẹ́ńjìnnì tí ẹrẹ̀ ti kún: ẹrẹ̀ náà lè tú lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì lọ dí àsẹ́ tó wà ní ẹnu ibi tí pọ́ǹpù ti ń fa ọ́ìlì. Ní ti kẹrosíìnì tàbí dísùú tí àwọn kan máa ń dà sínú sọ́ǹpù, ẹ má dán an wò. Ó máa ń mú kí ọ́ìlì fẹ́lẹ́ kọjá ohun tí bẹ́ríìnì lè fara dà.

Bí ariwo bá ṣì wà pẹ̀lú ọ́ìlì tó mọ́ tó sì pé, ẹ wọn ìfúnpá ọ́ìlì. Iná pupa ojú dáṣíbọ́ọ̀dù kò tó fún èyí, nítorí pé ìfúnpá gbọ́dọ̀ lọlẹ̀ gan-an kó tó tàn, ariwo tápẹ́ẹ̀tì á sì ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Ẹ tú sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì kúrò, ẹ de gééjì aláago sí ojú ihò rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kí ẹ sì ka ohun tó wí láìtẹná àti nígbà tí ẹ bá tẹná. Ìwé mọ́tò ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Níbi tí kò bá sí ìwé, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń lò ni psi 10 (psi ni ìwọ̀n ìfúnpá ojú gééjì) fún yíyí 1,000 kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kan. Bí ìfúnpá bá kéré, ẹ má ra tápẹ́ẹ̀tì. Ẹ tú sọ́ǹpù, ẹ wo àsẹ́ ẹnu pọ́ǹpù, ẹ wo pọ́ǹpù fúnra rẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ pé bẹ́ríìnì kíráńkì tó ti jẹ náà máa ń jẹ́ kí ọ́ìlì tú dànù kó tó dé òkè.

Nígbà tí títú bá di dandan

Ìfúnpá dára, ọ́ìlì mọ́, ibì kan náà sì ni ariwo ti ń wá. Ó di kí a ṣí òkè. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ yọ okùn bátìrì, kí ẹ sì gbá gbogbo iyanrìn àti eruku kúrò lára tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà kí ẹ tó ṣí i, nítorí pé ohun tó bá já sínú rẹ̀ á di ti ẹ́ńjìnnì.

Ẹ fi sípánà yí kíráńkì láti iwájú, sí apá tí ẹ́ńjìnnì máa ń yí sí, títí gongo kámù yóò fi kẹ̀yìn sí tápẹ́ẹ̀tì tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò. Ẹ wá fi igi tàbí ike líle tẹ tápẹ́ẹ̀tì náà, tàbí rọ́kà, apá irin tó ń ti fáàfù, tó wà lórí rẹ̀. Èyí tó dára, tí ọ́ìlì kún inú rẹ̀, á ta kò yín. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, á rọra máa sọ̀kalẹ̀ ni. Èyí tó ti bàjẹ́ á rì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ ó sì mọ sípíríǹgì inú rẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ yín pé òun nìkan ló ń tì yín padà. Ẹ tẹ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi wọ́n wé ara wọn. Nínú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí káńṣáàfù rẹ̀ wà nísàlẹ̀, tó ń fi ọ̀pá ti rọ́kà, ọ̀nà mìíràn wà: ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ láìtẹná pẹ̀lú kọ́fà ní ṣíṣí, kí ẹ sì ti abẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo (fílà gééjì) bọ àárín rọ́kà àti orí fáàfù, ibi tí ariwo bá ti dákẹ́ ni àlàfo wà. Ọ́ìlì gbígbóná máa ń ta sókè nígbà yìí, ẹ fi nǹkan bo ojú yín. Ẹ má ṣe èyí lórí ẹ́ńjìnnì tí káńṣáàfù rẹ̀ wà lókè.

Bí ẹ ṣe ń yọ tápẹ́ẹ̀tì, ẹ to wọ́n sínú páálí tí ẹ ti kọ nọ́ńbà sí, kí kálukú lè padà sí ihò tirẹ̀, nítorí pé òun àti kámù rẹ̀ ti jọ jẹ mọ́ra wọn. Ẹ wo ìdí èyí tí kò ní róólà, ìyẹn kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń yí lórí kámù: ìdí tuntun máa ń yọ díẹ̀ ní àárín. Bí ẹ bá gbé e lé etí rúlà irin, tí ẹ sì rí ìmọ́lẹ̀ ní àárín, ó ti jẹ wọnú, ó sì dájú pé kámù náà ti jẹ. Ẹ yí róólà èyí tó ní in. Kò gbọ́dọ̀ ha ọwọ́ yín, kò sì gbọ́dọ̀ mì. Ẹ yí ọ̀pá tó ń ti rọ́kà lórí gíláàsì títẹ́jú, ẹ ó mọ èyí tó ti wọ́.

Àwọn kan máa ń tú tápẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fọ inú rẹ̀, wọ́n á sì dá a padà. Ó ṣeé ṣe, bí ẹ bá ń tú ẹyọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí písítìnì kan má baà wọ inú èkejì, nítorí pé a wọn kálukú mọ́ ara rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí nìkan ni fífọ̀ ń wò. Kò lè dá irin tó ti jẹ padà. Níbi tí ẹ bá ti ní láti yọ káńṣáàfù àti bẹ́líìtì tàbí ṣéènì kí ọwọ́ yín tó dé ọ̀dọ̀ tápẹ́ẹ̀tì, ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn, torí ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n. Níbi tí ọwọ́ ti ń yá dé ibẹ̀, èyí tó bàjẹ́ nìkan tó. Fún tápẹ́ẹ̀tì tí kò ní róólà, ẹ má fi tuntun lé orí kámù tó ti jẹ, ẹ má sì fi ògbólógbòó lé orí kámù tuntun. Wọ́n á jẹ ara wọn run láìpẹ́.

Ẹ fi àwọn tuntun sínú ọ́ìlì tó mọ́ kí ẹ tó tò wọ́n, ẹ fi ọ́ìlì pa ara wọn àti ojú kámù. Níbi tí nọ́ọ̀tì bá wà lórí rọ́kà, ẹ jẹ́ kí kámù kẹ̀yìn, ẹ máa fún nọ́ọ̀tì náà bí ẹ ṣe ń gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè-sódò pẹ̀lú ìka, títí kò fi ní lè mì mọ́. Ẹ wá fi iye tí ìwé mọ́tò sọ kún un, èyí tó máa ń wà láàárín ìdajì yíyí àti yíyí kan nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá fún un jù, fáàfù kò ní pa dé mọ́, ẹ́ńjìnnì á máa wúkọ́, iná á sì jó etí fáàfù náà. Níbi tí ẹ bá ti yọ káńṣáàfù, ẹ fún àwọn ìdérí bẹ́ríìnì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀nà tí ìwé tò wọ́n, ẹ to àmì táímíìnì tó ń mú káńṣáàfù bá kíráńkì mu, kí ẹ sì fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán kí ẹ tó yí i. Tápẹ́ẹ̀tì tó kún fún ọ́ìlì lè máa gbé fáàfù sókè, kó sì gbá písítìnì. Àkókò yìí ló fún ọ́ìlì tó pọ̀ jù láyè láti jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ yí kíráńkì yípo méjì. Bí ó bá dúró gbọn-in níbì kan, ẹ má fi agbára mú un, ẹ padà lọ wo táímíìnì.

Nígbà àkọ́kọ́, ẹ yọ wáyà ìnjẹ́kítọ̀, kí ẹ fi sítátà yí ẹ́ńjìnnì ní sáà kúkúrú títí iná ọ́ìlì yóò fi kú, kí ẹ tó jẹ́ kó jí. Á pariwo fún ìgbà díẹ̀. Ẹ mú un sí nǹkan bí yíyí 2,000 sí 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, kí afẹ́fẹ́ lè jáde nínú àwọn tápẹ́ẹ̀tì. Ní ti káńṣáàfù àti tápẹ́ẹ̀tì tuntun tí kò ní róólà, ìwọ̀n eré yìí ni kí ẹ fi wọ́n sí fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú láìjẹ́ kó lọ sílẹ̀, pẹ̀lú ọ́ìlì tí síńkì pọ̀ nínú rẹ̀, kí ojú wọn lè bára mu. Ẹ wo ọ́ìlì lórí gééjì lẹ́yìn tí ẹ bá pa á, ẹ wo ẹ̀bá gáàsíkẹ́ẹ̀tì bóyá ó ń jò, kí ẹ sì pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà láìpẹ́, kí irin wẹ́wẹ́ tó bá jẹ jáde nígbà yẹn má baà wà nínú rẹ̀ pẹ́.